Ẹ Ka Àdéhùn Náà fún Un Kó Tó Gbéra

Ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ tàbí Òmùò, ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun á ra àpótí, á di gààrí àti èlùbọ́, wọ́n á gbàdúrà fún un. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ tó ń lọ ṣe ńkọ́? Ọwọ́ ejẹ́ńtì ló wà. Ìgbà míì, èdè Lárúbáwá ni wọ́n tiẹ̀ fi kọ ọ́.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkìtì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ ọlọ́jọ́ méjì ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, kí àwọn tó ti lọ tí wọ́n ti bọ̀ sì wà lára olùkọ́. Kó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ti ta ilẹ̀ baba rẹ̀, gbèsè ló ń tì í lọ, kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ mọ́. Ní Philippines, dandan ni irú ẹ̀kọ́ yìí fún òṣìṣẹ́ tó bá ń jáde.

Kí wọ́n ti orí físà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wọ Dubai, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti pé, ojoojúmọ́ ni owó ìtanràn á máa gorí ara wọn. Kò sì ní lè fi ọ̀gá tó jẹ ẹ́ lówó oṣù sùn, torí òun gan-an ni ọlọ́pàá ó kọ́kọ́ mú. Ẹni tó gba físà iṣẹ́ ilé lọ sí Lẹ́bánọ́nì pàápàá, ọ̀gá kan ṣoṣo ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́. Káfálà ni wọ́n ń pè é. Bó bá jáde nílé láìgbàṣẹ, ọ̀gá lè ní ó sá, wọ́n á sì gbé e. Kò yẹ kó jẹ́ inú ilé ìdáná ní Beirut lọmọ wa ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé àdéhùn gidi kalẹ̀, kí wọ́n kà á sókè ní Yorùbá: owó oṣù àti owó ìlú wo, ọjọ́ ìsinmi, ta ló ń san owó bàálù ìpadàbọ̀, èló ni wọn ó máa yọ. Ibi yíyọ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ejẹ́ńtì kan á ní “má sanwó kankan báyìí,” wọ́n á wá gba owó oṣù mẹ́ta, mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àdéhùn 181 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1997, ní kí ejẹ́ńtì má gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Kí aráàlú sì béèrè ìwé àṣẹ tí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ máa ń fún ejẹ́ńtì. Àwòrán bàálù tí wọ́n lẹ̀ mára ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Àwọn kan ṣì ń polówó iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Láti July 22, 2025 nìjọba ibẹ̀ ti dẹ́kun gbígba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun láti òkè òkun. Kí ni wọ́n wá ń tà?

Kí páálí, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù, ṣì ní oṣù mẹ́fà lára kó tó parí, kí ẹ̀dà rẹ̀ àti ti àdéhùn wà lọ́wọ́ ará ilé. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ḿbásì Nàìjíríà sí bébà, kí wọ́n rán an mọ́ inú aṣọ, torí ọ̀gá burúkú lè gba fóònù. Kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan sáàárín ara wọn. Bó bá sọ lórí fóònù pé “iyán ti sú mi”, ọ̀rọ̀ tí ọmọ Èkìtì kì í sọ lásán, kí ará ilé gba ọ́fíìsì NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ọmọ ènìyàn ṣòwò, lọ lọ́jọ́ náà.