Tọkọtaya tó ń lọ sí Japan, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ṣáájú

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ̀yin ará, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo tọkọtaya tó ń tu owó jọ nítorí Japan. Ẹ má fi ìrìn àjò yẹn sáré fọ́tò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ wá padà sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì lọ máa mu gàrí tí ẹ dì láti ilé. Ibi tí ẹ ó ti jẹun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ohun tí ẹ ó wò kì í jìnnà síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹja tí iná ò kàn dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n á ní ẹnu Yorùbá ò lè gba oúnjẹ ibẹ̀. N ò gbà. Oúnjẹ àárọ̀ la fẹ́ jẹ ní ìlú Kyoto tí wọ́n gbé ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ míso (ọbẹ̀ olómi tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe), ẹja yíyan àti abọ́ kékeré kan síwájú wa. Ẹ̀wà sóyà ló wà nínú abọ́ náà, ó ń yọ̀, ó ń fà bí a ṣe ń rò ó, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo orí tábìlì. Ìyàwó mi gbé e sún mọ́ imú, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Ṣé kì í ṣe irú nìyí?" Nattō ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà sóyà ni tiwọn, hóró irú ni tiwa, ṣùgbọ́n kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ilá náà ń bẹ lọ́hùn-ún. Wọ́n á bọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á da omi sóyà lé e, wọ́n á wá bu ẹja gbígbẹ tí wọ́n fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ẹ̀. Wọ́n tún ní iṣu kan tí wọ́n máa ń rin bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, àmọ́ tiwọn kì í dé orí iná. Bó ṣe ń fà yẹn ni wọ́n ṣe ń dà á lé ìrẹsì. Ní ti ata, ẹ wo orí tábìlì ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta núdù tí wọ́n ń pè ní soba tàbí udon, ẹ ó rí ìgò kékeré kan. Shichimi ni, ata gígún tí wọ́n fi èròjà mìíràn pò mọ́. Ẹ bù ú dáadáa.

Ẹ wo Fushimi Inari, ojúbọ kan ní Kyoto, tí gbogbo èèyàn ń lọ nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ọ̀nà pupa tó tò lọ rẹrẹ gun orí òkè. Inari ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, òrìṣà tó ni ìrẹsì, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni ibẹ̀ ṣí, wọn kì í gba owó ìwọlé, nítorí náà ẹ lọ ní ìdájí kí èrò tó kún. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ṣí, ẹ wá inarizushi jẹ. Ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà pò ni, tí wọ́n kì sínú wàrà sóyà díndín. Wọ́n gbà pé wàrà sóyà díndín yìí ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ràn jù lọ. Ẹni tó bá ya fọ́tò nìkan tó kúrò níbẹ̀, ìdajì ìtàn ló gbọ́.

Hiroshima ló wọ̀ mí lára jù. Nínú ilé àkójọ ohun ìrántí ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọdé kan wà, bọ́ǹbù átọ́míìkì ti 6 August 1945 ti sun ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló ni ín. Bàbá rẹ̀ sin ín pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìnkùlé, ó tó ọdún 40 kó tó hú u. Àwa tí a bí ìbejì dúró síwájú rẹ̀, a ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí a jáde, a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan níwájú irin gbígbóná, obìnrin àgbà kan ń ṣe okonomiyaki. Ó tẹ́ àpòpọ̀ ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, ó kó kábéèjì lé e bí òkìtì, ó yí i dà sórí núdù, ó wá fi ẹyin dè é. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ìyà ń jẹ ìlú náà, irú oúnjẹ oníyẹ̀fun báyìí ló gbé wọn ró. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, a jẹ ẹ́ tán láìfọwọ́ kan fóònù. Kò sí òkè tàbí ilé ńlá kan tó lè fún wa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Àwọn náà ní èèwọ̀, ẹ bá wọn pa á mọ́. Ẹ má gún igi ìjẹun ní òró sínú ìrẹsì, torí ìrẹsì òkú ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀yin olólùfẹ́ tó fẹ́ fún ara yín ní ẹran jẹ, ẹ má fi igi gbà á lórí igi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé egungun olóògbé lẹ́yìn tí wọ́n bá sun òkú. Inú àwo ni kí ẹ gbé e sí fún un. Ẹ má sì fi owó sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá, kò sí nínú àṣà wọn.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ṣọ́ra fún ramen, núdù inú omi ọbẹ̀, egungun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń fi se omi ọbẹ̀ rẹ̀ níbi púpọ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó bá ń múra àtilọ, kó kọ orúkọ ìlú tó fẹ́ dé sí ìsàlẹ̀ níbí, màá sọ oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ fò fún un.