Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà

Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ kì í fò wọ inú ọgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Imú ló kọ́kọ́ ń tì bọ ihò kékeré. Bí onílé bá fojú fò ó, orí á tẹ̀ lé imú, èjìká á tẹ̀ lé orí, nígbà tí onílé yóò bá sì fi dìde, iṣu ti tán nínú ebè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé kíkọ́ ṣe ń jẹ igbó wa.

Mo fojú mi rí i ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Igbó Orò kan wà lẹ́yìn agboolé wa tí ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ́ ẹ̀ka níbẹ̀ nígbà èwe mi, nítorí màrìwò tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti tó òfin. Lọ́dún kan, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ri òpó sìmẹ́ńtì kúkúrú mẹ́rin mọ́ etí igbó náà. Wọ́n ní etí lásán ni, àwọn kò dé ojúbọ. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan da yanrìn síbẹ̀, òmíràn mọ ògiri, òmíràn sì gé ìrókò tó ṣíji bo ọ̀nà ojúbọ kí ó má baà wó lu òrùlé rẹ̀ tuntun. Lónìí, ojúbọ náà wà láàárín ilé mẹ́ta.

Ìbẹ̀rù èèwọ̀ ló ń ṣọ́ igbó yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó ra ilẹ̀ kò bẹ̀rù Orò mọ́. Ìwé ìjọba ló kù. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì ní ìwé: òfin igbó ti ọdún 1993 wà, àwọn mínísítà sì fọwọ́ sí àṣẹ kan lórí ìtọ́jú àwọn igbó òrìṣà ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2012. Inú mi dùn sí àṣẹ náà gidigidi, àmọ́ ohun tí mínísítà fọwọ́ sí, mínísítà mìíràn lè fọwọ́ sí òmíràn láti fagi lé e, ibẹ̀ sì ni ihò ọgbà wà.

Ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, inú òfin tó ga jù lọ ni wọ́n kọ ọ́ sí ní ọdún 1894 pé igbó ìjọba tó wà ní òkè Adirondack yóò máa jẹ́ igbó títí láé. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà, ilé aṣòfin tí wọ́n yàn nígbà méjì tó tẹ̀ léra gbọ́dọ̀ gbà, kí ará ìlú tó wá dìbò sí i. Irú ìdè bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ó má ṣe sí olórí ìlú, baálé tàbí ẹbí tí yóò lè dá ta igbó.

Àwọn kan ń béèrè ibi tí àwọn ọmọ wa yóò kọ́lé sí. Ìbéèrè gidi ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù kún un. Igbó tí a bá ti da kankéré lé kò ní ẹwà kankan tí a ó tún bù kún un.

Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, ni àwọn aṣòfin wa ti ń jókòó. Ní ìlú kan náà ni Ọgbà Ewéko wà, èyí tó jẹ́ igbó àwọn ọba kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò ohun ọ̀gbìn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí wọ́n kọ ààlà rẹ̀ sínú òfin, kí ẹnì kan tó gbé òpó sìmẹ́ńtì mẹ́rin dé etí rẹ̀.