Ta ni oògùn mọ́ lára: àwa ni, àbí kòkòrò?

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kẹ́míìsì èyíkéyìí ládùúgbò yín, ẹ ó gbọ́ ọ. Obìnrin kan dé, ó di ikùn mú, àtàná ló ti ń ṣu omi. Wọ́n na tetracycline, oògùn apakòkòrò kan, sí i, ó mi orí. "Rárá o, bọ̀dá. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ẹ bá mi wá èyí tó le jù ú lọ." Bọ̀dá gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí n má purọ́, èmi náà ti sọ ọ́ rí.

Irọ́ ni. Oògùn apakòkòrò kì í mọ́ èèyàn lára, kòkòrò ló ń mọ́ lára. Bí oògùn bá wọ ìfun, yóò pa àwọn bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí apá rẹ̀ ká. Àwọn díẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù, ilé á wá ṣófo fún wọn. E. coli, bakitéríà kan tó ń gbé inú ìfun, ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀ lè di méjì ní ìṣẹ́jú 20 bí ibẹ̀ bá tù ú lára.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò gbé tetracycline mì rí fi lè ní kòkòrò tí apá tetracycline kò ká. Ó lè kó o lára adìẹ.

Dókítà Stuart Levy ti Yunifásítì Tufts, ní Boston, dán an wò lóko adìẹ kan ní Massachusetts, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1976. Wọ́n po oxytetracycline, ọ̀kan nínú ẹbí tetracycline, mọ́ oúnjẹ apá kan nínú àwọn adìẹ náà, wọn kò fún apá kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, apá oògùn náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká E. coli kankan mọ́ nínú ìgbẹ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́. Adìẹ nìyẹn o. Nígbà tó di oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn ará oko fúnra wọn wò. Nínú 100 ìgbẹ́, bíi 31 ni apá oògùn kò ká èyí tó ju ìdá 80 nínú 100 bakitéríà inú wọn. Ti àwọn aládùúgbò kò pé 7. Ẹ rántí pé oúnjẹ adìẹ ni wọ́n po oògùn mọ́, kì í ṣe ọbẹ̀ èèyàn.

Wọ́n wá yọ oògùn kúrò nínú oúnjẹ náà. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ, mẹ́jọ nínú èèyàn mẹ́wàá tí wọ́n yẹ̀ wò kò ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ara wọn kọ́ ló yí padà.

Lọ́dún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de pípo oògùn apakòkòrò mọ́ oúnjẹ ẹran nítorí àtisanra. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ olóko adìẹ ṣì ń bu ú sómi kí àìsàn tó dé rárá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Èmi máa ń se ẹran mi jinná dénú eegun." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iná kò mọ kòkòrò tó gbójú. Bí ó ṣe ń pa èyí ló ń pa tọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ tí ẹ fi kun adìẹ tútù kò wọ inú ìkòkò. Wọ́n rọra da omi lé e, wọ́n nù ún mọ́ ìró, wọ́n sì fi gé tòmátò àti kùkúńbà tí a ó jẹ ní tútù.

Obìnrin ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì ńkọ́? Omi oníyọ̀-òun-ṣúgà ni ìbá kọ́kọ́ mu. Kò sẹ́ni tó fi lọ̀ ọ́.