Ẹ má bá ọmọ tú rọ́bà yẹn

Fọ́tò yẹn náà ni wọ́n tún ń pín kiri: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò níwèé nírọ̀lẹ́, àwọn nínú pólò kan náà, àwọn ọmọ gbé ìwé tuntun sókè, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé ó sàn ju kí àwọn ọmọ máa sáré kiri títì lọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fọ́tò tán?

Ọmọ ìwé kẹrin á yọ iṣẹ́ àṣetiléwá jáde: 42 − 17. Ó ti kọ 35 síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yunifásítì á fa báírò pupa lé e lórí, á ní "méje ò ṣeé yọ nínú méjì, lọ yá lọ́wọ́ mẹ́rin", á kọ 25, ọmọ á dà á kọ, ó parí. Tó bá di lọ́la, wọ́n á fún ọmọ yẹn ní 63 − 28, á sì kọ 45.

Ọmọ náà kò ya ọ̀lẹ. Òfin kan wà lórí rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé: kékeré là ń yọ kúrò nínú ńlá. Ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. Ó yọ 1 kúrò nínú 4, ó ku 3. Ẹnikẹ́ni tó bá ní "ṣàlàyé fún mi bó o ṣe ṣe é" á gbọ́ òfin yẹn lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọn kì í bi í.

Ìgbálẹ̀ kan àti rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ti tó fún àtúnṣe rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ìgbálẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kó gùn bí ìka, kẹ́ ẹ dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọmọ á kó ìdì mẹ́rin àti ẹyọ méjì kalẹ̀. Ẹ ní kó fún yín ní mẹ́tàdínlógún, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Á wo ẹyọ méjì yẹn, á wò yín lójú. Ẹ ṣì dákẹ́. Fúnra rẹ̀ ló máa tú rọ́bà ìdì kan, ẹyọ á di méjìlá, á ka méje fún yín, á ku márùn-ún. Nínú ìdì mẹ́ta tó kù, á fún yín ní ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé bọ̀ọ̀dá máa ń kánjú, á bá a tú rọ́bà náà. Ẹni tó tú u ló mọ̀ ọ́n.

Èdè wa gan-an tún wà níbẹ̀ tí a ò lò. Mẹ́tàdínlógún: ogún ó dín mẹ́ta. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yékéyéké lè kó ogún kúrò nínú 42, kó ku 22, kó dá mẹ́ta padà, ó di 25, láìyá ohunkóhun lọ́wọ́ mẹ́rin. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Síbẹ̀, ẹ lọ síbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ń kọ́ ọmọ, ẹ máa gbọ́ "ẹ má sọ fànákúlà". Ó ń dùn mí.

Ti ìwé kíkà kò yàtọ̀. Kẹ́ ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú márùn-ún péré: lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kéékèèké, gbólóhùn kan, ìtàn kúkúrú. Ibi tó bá ti há ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín wọn sí ibi tí wọ́n há sí, ẹ má wo kíláàsì. Ọmọ ìwé kẹta àti ti ìwé karùn-ún lè jókòó pọ̀. Bí àwọn Pratham, ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́, ṣe ń ṣe é ní Íńdíà nìyẹn. Ọmọ mẹ́jọ ti tó fún ẹnì kan. Ẹ sì máa fetí sí "gb": ọ̀pọ̀ á rí "igbá", wọ́n á pe "g" lọ́tọ̀, "b" lọ́tọ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ní.

Èyí tí n kò rí ọ̀nà rẹ̀ ni kálẹ́ńdà yunifásítì. Lọ́dún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì láti February títí wọ October. Ọmọdé ò mọ ASUU. Ohun tó mọ̀ ni pé àǹtí rẹ̀ ò wá mọ́. Mo ti máa ń sọ pé ẹni tí kò bá lè dúró fún odidi sáà kan, kó má bẹ̀rẹ̀ rárá, kí wọ́n kúkú mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tilé wá. Àwọn yẹn ló sì ń bá ìyá wọn tajà nírọ̀lẹ́. Tí a bá ní kí gbogbo àwọn tí ò lè dúró máa lọ, ta ló máa di ìgbálẹ̀ yẹn?