"Ó Ti Gbó Tẹ́lẹ̀" Kì Í Ṣe Ìdáhùn

Ó ti sú wa! Ọlọ́kadà á gbé alùpùpù lọ tún ṣe, kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, mẹkáníìkì á wá ní, "Ó ti gbó tẹ́lẹ̀." Ẹ tú u ká wò ó!

Ẹ kọ́kọ́ da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ mímọ́, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ́ńjìnnì 100cc máa ń gba nǹkan bíi lítà kan. Bó bá jẹ́ ìdajì ló jáde, tí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń tú da ọ́ìlì sì ń jò torí pé wọ́n fún un jù títí eyín rẹ̀ fi jẹ, a ti rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rọ́ sí gáàsíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ìsopọ̀ ẹ́ńjìnnì kó má baà jò, ló burú jù. Èyí tó bá pọ̀ jù á já sínú, á dí asẹ́ ọ́ìlì àti ihò tóóró tó ń gbé ọ́ìlì lọ sókè. Bí camshaft, ìyẹn irin tó ń yí lókè ẹ́ńjìnnì láti ṣí fáàfù, bá gbẹ, tó jóná dúdú, tí ọ́ìlì sì kún ìsàlẹ̀, ẹ yẹ asẹ́ wò. Bí gọ́ọ̀mù bá wà níbẹ̀, ta ló fi í síbẹ̀? Ṣé ọlọ́kadà ni?

Ẹ́ńjìnnì tó gbó lóòótọ́ máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì ti máa jáde tipẹ́. Kì í dédé há lọ́jọ́ kẹta.

Ẹ gba gbogbo páàtì àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì mìíràn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú u.