Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí ẹ̀rọ awárin

A dúpẹ́, Alàájì, pé ẹ ráyè kọ̀wé. Ẹ ní ayédèrú la tà fún yín, pé ó ń ké níbi gbogbo, kò sì rí wúrà kankan, bẹ́ẹ̀ a ṣèlérí pé á gbọ́ nǹkan ní mítà 10 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ fo ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù, torí àwọn tó ń kà á.

Ọjọ́ 11 oṣù kejì, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, lẹ wọ ìsọ̀ wa ní Tàíwò. Ọmọ wa tó dúró ti káńtà bi yín lẹ́ẹ̀mejì pé kí lẹ fẹ́ fi wá. Ẹ ní òrùka ìyàwó yín tó sọnù sínú àgbàlá. Ló bá gbé irú ẹ̀rọ awárin tí wọ́n ń pè ní VLF fún yín. Òun náà ló yẹ: ó lè ya ìṣó sọ́tọ̀ kúrò lára òrùka, owó rẹ̀ ò sì ga. Àṣé ọ̀nà Patigi lẹ̀ ń gbé e lọ, góòlù lẹ fẹ́ wá!

Yangí ilẹ̀ wa yìí, irin ló kún inú ẹ̀. VLF tí wọn ò bá kọ́kọ́ tò mọ́ ilẹ̀ á máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ọmọ wa fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tò ó hàn yín, fóònù lẹ̀ ń dá lóhùn. Irú ẹ̀rọ awárin kejì, tí wọ́n ń pè ní PI, ló lè fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣó yàtọ̀ sí wúrà, owó rẹ̀ sì tó ra ọ̀kadà. A gbé e síwájú yín, ẹ ní a fẹ́ rẹ́ yín jẹ.

Ti mítà 10 tẹ́ ẹ ní a ṣèlérí, kò tẹnu wa jáde. Nǹkan tí kò ju òrùka lọ, bí VLF bá gbọ́ ọ ní sẹ̀ǹtímítà 20, ká dúpẹ́. Orí ẹ̀rọ (àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀) tó fẹ̀ ló ń gbọ́ nǹkan jíjìn, kékeré ló ń gbọ́ èérún góòlù.

Nígbà tẹ́ ẹ gbé e padà lọ́jọ́ 26, a ri ẹyọ owó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀, ó rí i lójú yín. Ó tún ń ké sí ẹsẹ̀ yín. Bàtà iṣẹ́ tó ní irin nímú lẹ wọ̀, Alàájì. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe wọ̀ ọ́ rìn ní Patigi.

Ẹ tún gbọ́ èyí: òfin ìwakùsà ọdún 2007 ní ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Ẹ gbàwé àṣẹ.

A ò jẹ yín ní gbèsè. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá gbé e wá pẹ̀lú páálí rẹ̀ kó tó di Sátidé, a ó ka gbogbo owó tẹ́ ẹ san mọ́ owó PI. Sálúbàtà ni kẹ́ ẹ wọ̀ wá o.