Ta ló ní oníjà kì í mọ họ́kì gbá?

Fídíò ìjà họ́kì orí yìnyín kì í pẹ́ tàn kálẹ̀. Géńdé méjì á ju igi àti ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, wọ́n á di ara wọn lẹ́wù mú, ẹ̀ṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, rẹfirí á kàn dúró tì wọ́n, á máa wò. Ẹ ka ohun táwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ irú fídíò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa bá: àwọn tó ń jà yìí ò mọ nǹkan kan gbá, nítorí ìjà ni wọ́n ṣe gbà wọ́n. Àwọn tó ti pẹ́ ní Kánádà gan-an ń sọ ọ́. Irọ́ ni.

Kì í ṣe pé wọ́n lá a lálàá o. NHL, líìgì họ́kì tó ga jù lágbàáyé, ti ní àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ wọn ni iṣẹ́ wọn. Derek Boogaard gbá eré 277, góòlù 3 péré ló jẹ. Ọmọ ọdún 28 ni nígbà tó kú lọ́dún 2011, wọ́n sì rí i pé lílù tó ti jẹ lórí ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irú wọn ti ń tán lọ, torí họ́kì òde òní yá ju kí ikọ̀ máa fi àyè ẹnì kan ṣòfò lọ. Ká wá fi Boogaard nìkan díwọ̀n gbogbo ẹni tó ń jà ni mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó sún mọ́ wa. Edmonton ni wọ́n bí Jarome Iginla sí lọ́dún 1977, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó kó lọ sí Kánádà. Adékúnlé wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, pẹ̀lú Arthur-Leigh, Tig, Junior àti Elvis. (Àfi bí ẹni pé gbogbo ẹbí ló mú orúkọ wá.) Góòlù 625 ló jẹ ní NHL. Ní sáà 2001 sí 2002, ó jẹ 52, kò sẹ́ni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀ ní líìgì náà lọ́dún yẹn.

Lọ́dún 2004, Calgary Flames tó jẹ́ balógun fún ń bá Tampa Bay Lightning du ife Stanley, ife ẹ̀yẹ NHL. Wọ́n ti na ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Eré kẹta ò tíì lọ jìnnà tí Iginla àti Vincent Lecavalier fi kojú ara wọn, ni ìbọ̀wọ́ bá balẹ̀. Lecavalier kì í ṣe ọmọ ìta o. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí àwọn ikọ̀ NHL yàn lọ́dún 1998. Àwọn méjì tó mọ eré jù lórí yìnyín lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń lu ara wọn. Wọ́n lọ jókòó síta fún ìṣẹ́jú 5, ìyà ẹni tó bá jà nìyẹn. Nígbà tí Iginla jáde, ó lọ́wọ́ nínú góòlù kan, ó fúnra rẹ̀ jẹ òmíràn, Calgary sì borí 3-0. Tampa ló padà gba ife náà ní eré keje, mi ò ní purọ́.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń rò pé ẹ̀ṣẹ́ ló gbé Iginla dé ibẹ̀, kó wo Òlíḿpíìkì, níbi tí wọ́n ti ń lé ẹni tó bá jà kúrò nínú eré pátá. Ní Salt Lake City lọ́dún 2002, góòlù 2 ló jẹ nínú àṣekágbá tí Kánádà fi na Amẹ́ríkà 5-2. Òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ní Vancouver lọ́dún 2010, nínú àfikún àkókò, Sidney Crosby kígbe pè é. Iginla tó ti ń ṣubú lọ tari puck, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù, sí i, Crosby gbá a wọlé, ó parí.

Góòlù kan, ìrànwọ́ kan, ìjà kan, gbogbo rẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo: orúkọ Gordie Howe, ògbóǹtarìgì agbáhọ́kì àtijọ́, ni wọ́n fi ń pe irú rẹ̀. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Howe alára ṣe é. Kí ló fà á? Wọn ò fẹ́ bá a jà ni. Ní oṣù kejì ọdún 1959, Lou Fontinato ti New York Rangers, tí gbogbo líìgì ń bẹ̀rù, dán an wò, Howe sì ṣẹ́ egungun imú rẹ̀. Ta ló tún fẹ́ dán an wò lẹ́yìn ìyẹn? Góòlù 801 ni Howe jẹ ní NHL, Wayne Gretzky àti Alex Ovechkin nìkan ló sì tíì kọjá a.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí. Òfin họ́kì gbà kéèyàn fi ara kọ lu ẹni tí puck wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó yí pápá ká. Bí o bá mọ̀ pé ẹni tí o fẹ́ kọ lù máa yíjú padà sí ọ, wàá ṣiyèméjì díẹ̀. Àárín iyèméjì yẹn ni ẹni tó mọ eré ń rí àyè gbá puck sáwọ̀n. Ẹni tí kò mọ eré ńkọ́? Kí ló fẹ́ fi àyè náà ṣe? Ìṣẹ́jú 5 tí oníjà fi ń jókòó sì wà níbẹ̀: bí ajẹgóòlù bá ń jà lójoojúmọ́, ikọ̀ rẹ̀ ló ń jìyà. Nítorí náà, wọn kì í jà lemọ́lemọ́, àwa òǹwòran sì máa ń gbàgbé pé wọ́n ń jà rárá.

Brendan Shanahan jẹ góòlù 656, ìyà rẹ̀ sì lé ní ìṣẹ́jú 2,400. Kò tíì sí ẹlòmíràn ní NHL tó ní góòlù 600 àti ìṣẹ́jú ìyà 2,000 pa pọ̀. Bob Probert ti Detroit ni wọn ò ṣe dáadáa sí jù, torí oníjà lásán ni wọ́n ń pè é títí dòní. Lóòótọ́, ní sáà 1987 sí 1988, ìṣẹ́jú 398 ni ìyà rẹ̀, ó lé ní wákàtí 6 àtààbọ̀. Sáà yẹn kan náà ló jẹ góòlù 29, tí wọ́n sì mú un sínú eré àwọn ìràwọ̀.

Wọ́n á ní Gretzky, tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá gbogbo agbáhọ́kì, kì í jà. Bẹ́ẹ̀ ni, torí àwọn kan ń bá a jà á: Dave Semenko lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Marty McSorley, tó bá a lọ sí Los Angeles Kings nígbà tí Edmonton tà á lọ́dún 1988. Ẹ̀ṣọ́ Gretzky ni wọ́n ń pe McSorley. Àmọ́ NHL máa ń ṣírò góòlù tí ikọ̀ jẹ àti èyí tí alátakò jẹ nígbà tí agbáhọ́kì kọ̀ọ̀kan wà lórí yìnyín. Ní sáà 1990 sí 1991, McSorley àti Theo Fleury ló jọ ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò yẹn, góòlù tí ikọ̀ wọn jẹ nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀ fi 48 ju ti alátakò lọ.